Lẹ́tà OGBOMOSO, ìdáhùn mẹ́ta: ẹ bá mi dá sí i

Ẹ̀gbọ́n Tọ́pẹ́:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi obìnrin ń múra JAMB, èmi ni mo sì ń bá a yẹ ìṣirò wò ní alaalẹ́. A dé orí permutation (títò) àti combination (ṣíṣà), ibẹ̀ la há sí.

Ìbéèrè tó fa àríyànjiyàn rèé: ọ̀nà mélòó la lè gbà to lẹ́tà inú OGBOMOSO? Àbúrò mi ní lẹ́tà mẹ́jọ ni, nítorí náà 8! ni (8 × 7 × 6 títí dé 1), ìyẹn 40,320. Tísà tó ń kọ́ wọn ní ìrọ̀lẹ́ kọ 1,680 sójú bọ́ọ̀dù, ó sì kọjá sí òmíràn. Ìbéèrè kejì ní, tó bá jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin péré la fẹ́ mú níbẹ̀ ká tò ńkọ́? Ọmọ yìí mú 8P4 (8 × 7 × 6 × 5), ó pín in sí 4!, ó rí 70. Ẹ̀yìn ìwé ní 209. Mo wo 209 yìí títí, mi ò mọ ibi tó ti yọ.

Èyí tó wá ń dà mí láàmú jù: báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé permutation ni ti ibí, combination ni tọ̀hún? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n lo fọ́múlà. Fọ́múlà wà lọ́wọ́ wa, òun gan-an ló kó wa sí wàhálà.

Ìyá Ìbejì:
Kó ṣáà há a sórí. Bí wọ́n bá kọ "arrange", permutation. Bí wọ́n bá kọ "choose" tàbí "select", combination. Bí èmi ṣe yege nìyẹn.

Bàbá Tísà:
Ìyá Ìbejì, ìyẹn á ṣiṣẹ́ títí dọjọ́ tí wọ́n bá ní kí ọmọ "choose" alága, akọ̀wé àti akápò láàárín èèyàn mẹ́wàá. "Choose" ni wọ́n kọ, àmọ́ permutation ni: 10 × 9 × 8, 720. Ẹ gbé ẹni tó jẹ́ alága sípò akápò, kí ẹ wò ó bóyá kò ní bínú. Bó bá jẹ́ ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta lásán ni, tí kò sí oyè kankan, 120 péré ni. Ohun tí ọmọ náà yóò máa bi ara rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bí mo bá pààrọ̀ ipò àwọn méjì, ṣé nǹkan tuntun ni mo ní lọ́wọ́? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, títò ni. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ṣíṣà ni.

Ó yá, OGBOMOSO. 8! ì bá tọ̀nà ká ní lẹ́tà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n O mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà kùn wọ́n: ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun, ọ̀kan àwọ̀ ewé. Pẹ̀lú ọ̀dà, 40,320 ni lóòótọ́. Ẹ wá nu ọ̀dà náà kúrò. Gbogbo ìtò tó jẹ́ pé àwọ̀ O nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀ á di ọ̀kan náà, mẹ́rìnlélógún-mẹ́rìnlélógún ni wọ́n sì ń para pọ̀, torí 4! jẹ́ 24. Ẹ pín 40,320 sí 24, ẹ ó bá 1,680 níbẹ̀.

Télọ̀ Sábó:
Èmi ò tiẹ̀ ní pín nǹkan kan. Ààyè mẹ́jọ ló wà nílẹ̀. G ní ibi mẹ́jọ tó lè jókòó sí, B ku méje, M ku mẹ́fà, S ku márùn-ún. 8 × 7 × 6 × 5 = 1,680. Ibi tó bá ṣẹ́ kù, O ló ni ín, kò ní ohun tó fẹ́ yàn.

Ẹ̀gbọ́n Tọ́pẹ́:
Ha! Èyí wọ̀ mí létí. Ẹ ṣé gan-an. 209 wá ńkọ́, sà?

Bàbá Tísà:
70 kò lè tọ̀nà, torí pé bó ṣe pín in sí 4! yẹn, ó gbà pé O mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà nínú gbogbo ìtò. GBMS kò ní O kankan nínú, kí lẹ fẹ́ pín níbẹ̀? Ẹ fi iye O yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bí kò bá sí O rárá, G, B, M àti S nìkan là ń tò: 24. Bí O bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ ṣa mẹ́ta kún un nínú mẹ́rin yòókù, ọ̀nà 4, ìkọ̀ọ̀kan sì ní ìtò 24: 96. O méjì: ọ̀nà 6 la lè gbà ṣa méjì yòókù, ìtò wọn jẹ́ 4! pín sí 2!, ìyẹn 12: 72. O mẹ́ta: 4 × 4, 16. OOOO fúnra rẹ̀, 1. Ẹ ro ó pọ̀, 209.

Ẹ rí i pé a kọ́kọ́ ṣà, a wá tò. Àwọn méjèèjì ló ṣiṣẹ́ nínú ìbéèrè kan.

Awo Kékeré:
Ẹ jẹ́ ká fi títò sílẹ̀ ná, ká kan ṣa lẹ́tà mẹ́rin: 1 + 4 + 6 + 4 + 1, 16. Ó yẹ kí iye yẹn jọ yín lójú. G wọlé tàbí kó má wọlé, bẹ́ẹ̀ ni B, bẹ́ẹ̀ ni M, bẹ́ẹ̀ ni S, O á dí ibi tó bá ṣófo: 2 × 2 × 2 × 2. Bí ojú odù Ifá ṣe jẹ́ 16 náà nìyẹn: ìlà mẹ́rin, ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹyọ tàbí méjì.

Lórí ọ̀rọ̀ ipò tí Bàbá Tísà sọ, Ogbè lọ́tùn-ún, Ìwòrì lósì, Ogbè Wẹ̀yìn ni. Ẹ yí wọn padà, ó di Ìwòrì Bogbè, ẹsẹ rẹ̀ ọ̀tọ̀, ẹbọ rẹ̀ ọ̀tọ̀. Ìdí nìyẹn tí àmúlù odù fi jẹ́ 16 × 15, ìyẹn 240, tí kì í ṣe 120. Ẹ fi 16 tí odù kan náà wà lọ́tùn-ún àti lósì kún un, 256 pé.

Ìyá Ìbejì:
Kó má lọ kọ ẹbọ sínú JAMB o 😂

Ọmọ Ṣòún:
Ẹ ti ń fi orúkọ ìlú wa ṣeré láti ìrọ̀lẹ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni! GB lẹ́tà kan ni nínú ábídí wa, O àti Ọ kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Lẹ́tà méje ló wà níbẹ̀: O méjì, Ọ méjì, GB, M, Ṣ. 5,040 pín sí 4, 1,260.

Bàbá Tísà:
Mo fara mọ́ ọn. Bí ẹ bá tún ka àmì ohùn, ò kì í ṣe ó, ọ̀ kì í ṣe ọ́, kò sí èyí tó jọra mọ́, 5,040 gbáko ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdánwò, kó mú 1,680.

Ẹ̀gbọ́n Tọ́pẹ́:
Mo fún un ní òmíràn nísinsìnyí: OGBOMOSO, kí O kankan má fara kan O mìíràn. Ó to G, B, M, S, ó ní 24. Ó ní àlàfo márùn-ún ló yí wọn ká, iwájú, ẹ̀yìn àti mẹ́ta láàárín, kí O mẹ́rin gba mẹ́rin níbẹ̀, ọ̀nà 5. 24 × 5, 120. Ṣé ó gbà á?

Télọ̀ Sábó:
Ó gbà á. Ẹ fún un ní ABEOKUTA, kí gbogbo fáwẹ̀lì wà pa pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Tọ́pẹ́:
Ó ní 1,440.

Télọ̀ Sábó:
Òun ni. Ẹ bi í bóyá ó rántí pé A méjì ló wà níbẹ̀, tàbí ó kàn bọ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n Tọ́pẹ́:
Ó rántí. Ó di fáwẹ̀lì márààrún pọ̀ bíi lẹ́tà kan, ó tò ó mọ́ B, K, T: 24. Nínú ìdì yẹn, 120 pín sí 2, 60.