Ọmọ mi fẹ́ ṣe òṣèré ní Kánádà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mississauga là ń gbé. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 17, ní fíìmù lòun fẹ́ ṣe, bíi òṣèré tó ń jẹ́ Maitreyi Ramakrishnan. Ìlú wa yìí lọmọ yẹn ti dàgbà. Eré ilé-ìwé ló ń ṣe kó tó fi fídíò ránṣẹ́ ní 2019, òun ni wọ́n sì mú nínú nǹkan bí 15,000 èèyàn fún eré Netflix tó ń jẹ́ Never Have I Ever. Ó ti ríwọlé sí York University, ó ní kí wọ́n bá òun dá a dúró ná.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tèmi náà fẹ́ dá yunifásítì dúró, bẹ́ẹ̀ kò tíì ríṣẹ́ kankan. Bàbá ẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe o! Tó bá dúró níwájú fóònù, ohùn ẹ̀ á yí padà, omi á lé róró sójú ẹ̀.

Aṣojú kan tó ń bá òṣèré wáṣẹ́ ní ká kọ́kọ́ sanwó fọ́tò kóun tó gbà á. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, àbí inú owó iṣẹ́ ló yẹ kó ti yọ tiẹ̀? Ẹ̀yin tọ́mọ yín wà nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?