Sìgá tí mo pè ní oògùn mi

Mo ti ń gbọ́ ìtàn yín nípa sìgá àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọdún 14 ni mo fi mu sìgá. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọlé ní nǹkan bí ọdún kẹsàn-án, tàbí kó ti wà nílẹ̀ kí n má mọ̀. Mo máa jí, ara á wúwo bí àpò iyanrìn, oúnjẹ ò ní dùn lẹ́nu, fóònù á dún títí á fi dákẹ́. Sìgá àárọ̀ nìkan ló ń gbé mi dìde.

Dókítà àkọ́kọ́ ní ká tọ́jú ọkàn ná, ká fi ọ̀rọ̀ sìgá sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Inú mi dùn! Ta ni kò ní fẹ́ irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀? Bí mo ṣe jáde ni mo ṣáná sí ọ̀kan.

Ọdún kan àtààbọ̀ lẹ́yìn náà, mo dé ọ̀dọ̀ òmíràn, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Ó ní kí n máa kọ aago tí mo bá mu sìgá sílẹ̀, kí n sì fi òǹkà 0 sí 10 sọ bí ọkàn mi ṣe rí ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ojú mi là. Bí wákàtí méjì bá ti ń lọ tí n kò tíì mu, òǹkà á já wálẹ̀. Àárọ̀ ló burú jù, torí mo ti sun òru mọ́jú láìmu. Ó ṣàlàyé pé láàárín wákàtí méjì, nǹkan bí ìdajì nicotine, èròjà inú sìgá tó ń di bárakú, á ti lọ nínú ẹ̀jẹ̀. Àṣé sìgá dà bí ẹni tó jí bàtà mi méjèèjì, tó wá ń yá mi ní ẹyọ kan, tí mo sì ń dúpẹ́.

Kì í wá ṣe gbogbo rẹ̀ nìyẹn o. Àwọn ọjọ́ kan wà tí òǹkà wà ní 2 látàárọ̀ dalẹ́, mo mu ún ni o, n kò mu ún ni o. Ìyẹn ni àìsàn fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ní a ó tọ́jú méjèèjì pọ̀.

Ó kọ bupropion fún mi, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì tí wọ́n tún fi ń bá bárakú sìgá jà. Ó kọ́kọ́ bi mí bóyá wárápá ti mú mi rí, torí kò yẹ fún ẹni tó bá ní in. Mo lò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá kí ọjọ́ tí mo dá láti jáwọ́ tó pé. Ẹnu mi gbẹ, oorun sá.

Kọfí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi padà. Ní ọjọ́ kẹrin láìmu, àyà mi ń já, ọwọ́ ń gbọ̀n, mo ní orí mi ti fẹ́ dàrú. Àṣé èéfín sìgá máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè lo kaféènì tán. Bí èéfín bá dáwọ́ dúró, ife kan náà á pẹ́ lára. Mo já ife mẹ́rin sí méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún olanzapine àti clozapine, àwọn oògùn àìsàn ọpọlọ, nítorí náà ẹ sọ fún ẹni tó ń kọ oògùn fún yín kí ẹ tó jáwọ́.

Mo ṣubú ní ọ̀sẹ̀ kẹta, sìgá méjì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, mo sì ń bá ìjáwọ́ mi lọ.

—

Ẹ kú orí ire, ẹ̀gbọ́n. Varenicline, oògùn mìíràn tí wọ́n fi ń jáwọ́ nínú sìgá, ni wọ́n fún èmi. Ẹ̀rù bà mí, torí mo ti gbọ́ pé ó ń da ọkàn rú. Dókítà ní ìwádìí ńlá kan jáde ní 2016, ó lé ní 8000 èèyàn, nǹkan bí ìdajì wọn ló ní àìsàn ọpọlọ, kò sì fi ewu ńlá bẹ́ẹ̀ hàn. Inú rírìn nìkan ló dà mí láàmú. Síbẹ̀, mo ní kí ọkọ mi máa ṣọ́ mi.

—

Ẹ ṣé gan-an, mà. Kí ni ọkọ yín fi ń mọ̀ pé ọkàn yín ti ń rẹlẹ̀?

—

Ó ní tí mo bá ti ń fọ abọ́ láìkọrin.