Èsì: "Àdàlù oníbejì" kọ́, kọ́líǹgì takọtabo ni

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo ka ìlànà tí ẹ kọ fún àwọn eléré tán, ìyẹn ti kọ́líǹgì ẹlẹ́ni méjì, eré tí ọkùnrin kan àti obìnrin kan ti ń ju òkúta kó yọ̀ lọ lórí omi dídì. Ṣùgbọ́n "àdàlù oníbejì" tí ẹ pè é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á padà.

Àdàlù, ẹ̀wà àti àgbàdo! Bó bá ti jinná, ta ló tún fẹ́ ṣa ọ̀kan kúrò lára èkejì? Nínú eré yìí, iṣẹ́ oníkálukú dá dúró. Òkúta márùn-ún ni ikọ̀ kan ń jù ní abala kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ju àkọ́kọ́ náà ló máa ju ìkarùn-ún, ẹnì kejì ló ni mẹ́ta tó wà láàárín. Bí abala tuntun bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n lè gba ipò ara wọn, àmọ́ láàárín abala, rárá. Kí ló wá dàlú níbẹ̀? "Oníbejì" ńkọ́? Tijani Cole àti Susana Cole tó ṣojú Nàìjíríà nínú ìdíje àgbáyé ní Stavanger ní 2019, tọkọtaya ni wọ́n. Ẹ fẹ́ sọ wọ́n di ọmọ ìyá! Takọtabo wà nílẹ̀, kí ló ṣe é?

Òkúta tí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé kalẹ̀ kí wọ́n tó ju nǹkan kan, ẹ pè é ní "òkúta ìpìlẹ̀". Ṣé gómìnà ló ń bọ̀ wá fi lélẹ̀ ni? Òkúta àgbékalẹ̀ ti tó. Ẹ ò tiẹ̀ sọ pé èèwọ̀ ni kí wọ́n gbá òkúta kankan jáde ṣáájú ìkẹrin nínú abala, ká ka ti ikọ̀ méjèèjì pọ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á dá a padà sáyè rẹ̀, wọ́n á yọ èyí tí wọ́n jù.

"Eré agbára" tí ẹ pe "power play" tiẹ̀ burú jù. Ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ni ikọ̀ lè ní kí àgbékalẹ̀ méjèèjì kúrò láàárín lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n yà bàrá ni. Ìyàbàrá ni kí a pè é.

Ẹ ní ẹ ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí mi. Òótọ́ ni. Ìyá mi àgbà kò wọ iléèwé rí, kò sì jẹ́ pe ènìyàn ní àdàlù.

Ti "yìnyín" tí ẹnì kan dá sílẹ̀ lánàá pé ká máa pe ohun tí òkúta ń yọ̀ lé lórí, omi dídì ni mo ṣì dúró lé. Ojú ọ̀run ni yìnyín ti ń já bọ́. Èyí, wọ́n da omi sílẹ̀, ó dì, wọ́n tún wọ́n omi sí i kó lè ní kókó wẹ́wẹ́. Kí ará Ìbàdàn tó ní ọ̀kan náà ni méjèèjì lọ́dọ̀ wọn mú ẹ̀rí wá.