Mo fẹ́ sọ ṣọ́ọ̀bù kan di búkà ní Houston: ṣé dandan ni kí n tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ ṣe?

Ìyá Àmàlà: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Bissonnet, ibi tí wọ́n ti ń gẹrun tẹ́lẹ̀. Àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ẹ̀wà àgánnyìn ni mo fẹ́ máa tà níbẹ̀, tábìlì mẹ́wàá. Àtúnṣe rẹ̀ máa tó 80,000 dọ́là. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì ló wà lẹ́yìn, wọ́n há bí àpótí, ìlẹ̀kùn wọn ò ju 28 íǹṣì lọ. Onílé ní kí n má fọwọ́ kàn án, pé 1984 ni wọ́n kọ́ ilé náà, òfin àwọn aláàbọ̀ ara ò dé ibẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe tí mo pè ní ká sáà kan irin ìdìmú méjì mọ́ ògiri, ó parí. Ọkàn mi ò gbà á. Ẹ bá mi dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n Dallas: Àǹtí, ẹ kú ìnáwó. Irọ́ lonílé ń pa. Òfin ADA ti 1990, ìyẹn òfin àwọn aláàbọ̀ ara ní Amẹ́ríkà, ò yọ ilé àtijọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá ti tún ibi ìjẹun ṣe, ọ̀nà tó wọ ibẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ di ara iṣẹ́ náà. Wọn ò ní ní kí ẹ ná ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lórí ìyẹn: tí 80,000 bá jẹ́ ti ibi ìjẹun àti kíṣìnì, 16,000 nìyẹn, ẹnu ọ̀nà ló sì ń ṣáájú. Àmọ́ bí ẹ bá tú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fúnra rẹ̀, ohun tí ẹ bá yí padà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n tí ADA gbé jáde ní 2010 mu. Ní Texas wa níbí, iṣẹ́ tó bá ti tó 50,000, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TDLR, àjọ ìjọba Texas tó ń bójú tó ìwé àṣẹ.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. Láti àárín àwo ìgbọ̀nsẹ̀ sí ògiri ẹ̀gbẹ́, 16 sí 18 íǹṣì ni òfin wí. Púlọ́ńbà mi wọn 16 géérégé, àmọ́ ara igi ògiri tó ṣì wà níhòòhò ló ti wọ̀n ọ́n. Wọ́n lẹ pátákó mọ́ ọn, wọ́n tẹ táìsì lé e, ó ku 15 àti díẹ̀. Ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò ò tiẹ̀ bínú, ó kàn kọ ọ́ sínú ìwé pé kò bófin mu. Kọnkéré tí ò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la tún fọ́, torí páìpù abẹ́ ilẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹ ní kí tiyín wọn 17 àti ààbọ̀ lára igi.

Kẹ̀kẹ́ arọ gbọ́dọ̀ ráyè yípo nínú ibi tó fẹ̀ tó 60 íǹṣì. Ìlẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ṣí tó 32, nítorí náà 36 ni kí ẹ rà. Irin ìdìmú ti ẹ̀gbẹ́ gbọ́dọ̀ gùn tó 42 íǹṣì, ti ẹ̀yìn 36. Ẹ fi igi tó nípọn há inú ògiri kí wọ́n tó pa á dé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ irin á yọ mọ́ ẹni tó dì í mú lọ́wọ́. Ẹ wé páìpù abẹ́ síǹkì, kó má jó ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó. Àti pé kí ọmọṣẹ́ má gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síbi tí kẹ̀kẹ́ ti ń yípo! Tèmi ò yé ṣe é.

Wúrà: Ṣé ẹ ò lè wó ògiri àárín, kí méjèèjì di ẹyọ kan tó fẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Dallas: Ó ṣeé ṣe, àmọ́ iye èèyàn tí búkà lè gbà ló ń sọ iye ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé ìkọ́lé.

Akọ́wé Owó Orí: 1984 tí onílé fi ń tàn yín yẹn, ó máa ṣe yín lóore. Fọ́ọ̀mù 8826 wà fún ilé iṣẹ́ kékeré: ìdajì ohun tí ẹ bá ná kọjá 250 dọ́là, títí dé 10,250, ẹ máa yọ ọ́ kúrò nínú owó orí yín. 5,000 ló pọ̀ jù. Ilé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lò lẹ́yìn 5 November 1990 ò lè gbà á fún irú àtúnṣe yìí. Tiyín lè gbà á. Ẹ tún wo ìwé àdéhùn yín, torí òfin mú onílé àti ayálégbé pọ̀ ni.

Ìyá Àmàlà: Ẹ ṣé gan-an. Mo gbé téèpù lọ láàárọ̀ yìí. Láti àárín àwo sí ògiri: 12 íǹṣì àti ààbọ̀! Mo ti pe onílé. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní kí n mú ìwé àdéhùn dání lọ́jọ́ Jímọ̀.