Mò ń lọ sókè òkun fún ìgbà àkọ́kọ́: báwo ni kí n ṣe ti fóònù mi?

Arìnnàkore
Ẹ kú ilé, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ lọ́wọ́ yín. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí n gbéra. Màá lo ọjọ́ mẹ́wàá ní Faransé, ọjọ́ mẹ́rin ní Swítsàlandì, màá sì fi ọ̀sẹ̀ kan kádìí rẹ̀ ní Tọ́kì. Fóònù kan péré ni mo ní. Ẹni tó tà á fún mi ní ó ń gba eSIM (síìmù tí kì í ṣe ike, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbé e wọnú fóònù), àmọ́ mi ò dán an wò rí.

Ohun mẹ́ta ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Àkọ́kọ́ ni owó. Ọ̀rẹ́ mi kan lọ lọ́dún tó kọjá, kò pe ẹnì kankan, kò sì gbé ìpè kankan, síbẹ̀ gbèsè tí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ kà sí i lọ́rùn nígbà tó dé ju owó hòtẹ́ẹ̀lì tó san lọ. Èkejì ni ìyá mi. Fóònù kékeré onítẹ̀ ni wọ́n ń lò, kò sí WhatsApp níbẹ̀, nọ́ńbà mi yìí nìkan ni wọ́n sì mọ̀ sórí. Ẹ̀kẹta ni báńkì: gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kan náà yìí. Tí mo bá yọ síìmù mi kí n lè lo ti ọ̀hún, báwo ni kóòdù ṣe máa dé ọ̀dọ̀ mi? Ẹ dákun, ẹ là mí lọ́yẹ.

Baba_Arìnrìnàjò
Ọmọ mi, má yọ síìmù rẹ rárá. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Iṣẹ́ méjì ni fóònù ń ṣe fúnni lójú ọ̀nà. Èkíní ni nọ́ńbà: òun ni ìyá rẹ mọ̀, òun ni báńkì mọ̀, òun ni WhatsApp rẹ dúró lé. Èkejì ni dátà: òun lo fi ń wo máàpù, òun lo fi ń túmọ̀ ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ibùdókọ̀. Nọ́ńbà ò ṣeé pààrọ̀. Dátà, ibi tó bá wù ọ́ lo ti lè rà á. Nítorí náà, jẹ́ kí síìmù ilé wà níbi tó wà, kó máa gba àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan, kí o wá ra eSIM tàbí síìmù kejì tó jẹ́ pé dátà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá wọlé sí ọ nílẹ̀ òkèèrè, ọ̀fẹ́ ni. Ìpè ni wọ́n ń gbowó lé, ìbáà jẹ́ ìwọ lo pè tàbí wọ́n pè ọ́.

Kí o tó wọ ọkọ̀ òfúrufú, lọ sínú Settings, kí o pa Data Roaming (lílo dátà síìmù lórí nẹ́tíwọ̀kì ilẹ̀ òkèèrè) fún síìmù ilé. Tó bá jẹ́ iPhone ni, ohun kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Allow Cellular Data Switching. Pa òun náà. Bó bá wà ní títàn, tí nẹ́tíwọ̀kì eSIM bá mì díẹ̀, fóònù lè sáré padà sórí dátà síìmù ilé láìsọ fún ọ.

Arìnnàkore
Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi ò gbé ìpè kankan o. Níbo wá ni gbèsè yẹn ti wá?

Ìyá_Ìbejì
Àbúrò mi, ó ti ṣe èmi náà rí, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí o ka èyí dáadáa.

Mo wà nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, fóònù wà lórí ibùsùn, ó ń dún. Mo rí orúkọ ẹni tó ń pè. Mo ní n kò ní gbé e nítorí owó. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó, ó dún títí ó fi dákẹ́, ọkàn mi sì balẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé voicemail, ibi tí ẹni tó pè ti lè fi ohùn sílẹ̀ bí èèyàn ò bá gbé ìpè, wà lórí síìmù mi. Ìpè yẹn ti rìn láti ilé wá bá mi. Nígbà tí n kò gbé e, nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀ tún darí rẹ̀ padà sílé, sínú voicemail. Owó àlọ, owó àbọ̀, orí mi ni wọ́n ka méjèèjì sí. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, mo rò pé ìṣọ́wóná ni mò ń ṣe.

Nígbà tí o bá ṣì wà nílé, tẹ ##002#, kí o wá tẹ bọ́tìnnì ìpè. Ó máa ń pa gbogbo ìdarí ìpè tó wà lórí síìmù rẹ́. Lẹ́yìn náà, tẹ *#61# kí o fi wò ó bóyá ó ti kúrò lóòótọ́. Tó bá sọ pé nọ́ńbà kan ṣì wà níbẹ̀, pe ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì rẹ kí wọ́n bá ọ yọ ọ́. Má fi èyí dúró di ìgbà tí o bá débẹ̀.

Aláàtúnṣe_Fóònù
Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dátà ló kó bá ọ̀rẹ́ rẹ. Fóònù kì í sùn. O lè fi í sápò, kó máa kó fọ́tò lọ sí ìpamọ́ Google tàbí iCloud, kó máa ṣe àtúnṣe áàpù, kó máa gba ímeèlì. Bí Data Roaming bá wà ní títàn, orí síìmù ilé ni gbogbo ìyẹn ń gbà kọjá.

Nípa eSIM: tẹ *#06#. IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, tó ní òǹkà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á jáde. Tí o bá rí EID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti eSIM, lábẹ́ rẹ̀, tó gùn tó òǹkà méjìlélọ́gbọ̀n, fóònù rẹ ń gba eSIM. Tí kò bá sí EID, síìmù gidi ni kí o wá. Ya àwòrán ojúewé yẹn, kí o fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé. Bí wọ́n bá jí fóònù rẹ, IMEI ni ọlọ́pàá àti ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì á béèrè.

Ohun mìíràn: ṣé fóònù rẹ kò lọ́ọ̀kì? Fóònù tí èèyàn rà lábẹ́ àdéhùn lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì lè má gba síìmù ẹlòmíràn. Yá síìmù ọ̀rẹ́ tó ń lo nẹ́tíwọ̀kì mìíràn, kí o fi í sínú fóònù rẹ. Tó bá pe ìpè lọ, kò sí wàhálà.

Tí o bá ra eSIM, orí Wi-Fi ilé ni kí o ti gbé e wọlé. Kóòdù aláwòrán (QR code) tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ọ, ojú fóònù mìíràn tàbí orí bébà ló yẹ kó wà, kí o lè fi kámẹ́rà fóònù tìrẹ yà á. Mo ti rí ẹni tó dé pápákọ̀ òfúrufú, tí kóòdù wà nínú fóònù tó fẹ́ fi yà á, tí kò sì sí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa fi ṣe ọ̀nà mìíràn. Má sì pa eSIM náà rẹ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá ń ṣe ségesège. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣeé gbé wọlé.

Ẹ̀gbọ́n_Ojú_Ọ̀nà
Àbúrò, ẹnu ibodè Swítsàlandì ni kí o ti ṣọ́ra jù lọ. Láti oṣù kẹfà ọdún 2017 ni òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti sọ pé ẹni tó ní síìmù orílẹ̀-èdè kan nínú wọn lè lò ó ní ìyókù bí ẹni pé ilé ló wà. Wọ́n sọ òfin náà dọ̀tun ní 2022, ó sì máa wà títí di 2032. Nítorí náà, síìmù tí o bá rà ní Faransé á ṣiṣẹ́ ní Jámánì, ní Ítálì, ní Spéènì, kódà ní Norway tí kò sí nínú àjọ náà. Ṣùgbọ́n òfin yẹn ò mú Swítsàlandì, kò mú Tọ́kì.

Nẹ́tíwọ̀kì ò mọ ibodè. O lè wà ní Annemasse tàbí Saint-Louis, ilẹ̀ Faransé lẹsẹ̀ rẹ wà, kí fóònù rẹ so mọ́ òpó Swítsàlandì tó wà lódìkejì. Ní irú ibẹ̀, lọ sínú Settings, pa yíyan nẹ́tíwọ̀kì fúnra rẹ̀, kí o fi ọwọ́ yan ti Faransé. Tí o bá ti kúrò níbẹ̀, dá a padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fóònù rẹ á kàn dákẹ́ nígbà tí o bá dé orílẹ̀-èdè mìíràn.

Èmi ò ní ra síìmù mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. eSIM kan tó kó orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni màá rà. Ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀ wọn kí o tó sanwó. Èyí tí wọ́n bá kàn kọ "Europe" sí lè má ní Swítsàlandì tàbí Tọ́kì nínú.

Baba_Arìnrìnàjò
Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pẹ̀lú rẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Fún ẹni tó bá máa pẹ́, síìmù ibẹ̀ gan-an lèmi á rà, torí eSIM dátà kì í sábà ní nọ́ńbà, ilé ìwòsàn àti onílé kì í sì í pe WhatsApp. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa pẹ́ ní Tọ́kì ní láti mọ èyí: fóònù tí èèyàn gbé wá láti ìlú mìíràn, ọgọ́fà ọjọ́ ló lè fi gba síìmù Tọ́kì. Lẹ́yìn 120 ọjọ́ yẹn, bí wọn ò bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n sì san owó rẹ̀, wọ́n á tì í kúrò lórí nẹ́tíwọ̀kì wọn. Ìwọ tí o fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan, kò kàn ọ́.

Arìnnàkore
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. EID wà lórí fóònù mi! Ó ku ti ìyá mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí tì, kí ọkàn wọn máa dàrú. Wọn kì í lè sùn tí wọn ò bá gbọ́ ohùn mi.

Ìyá_Ìbejì
Ohun tí èmi àti ìyá mi ń ṣe nìyí. A dá àkókò kan, alẹ́ ní tiwọn. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́, wọ́n á pè mí, á dún lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á gé e. N kò ní gbé e. Mo ti mọ̀ pé wọ́n ń wá mi, èmi ni màá pè padà. (Ìdí nìyẹn tí voicemail fi gbọ́dọ̀ kúrò!) Láti pè wọ́n padà, áàpù tó ń ti orí íntánẹ́ẹ̀tì pe nọ́ńbà lásán ni mò ń lò. Skype ni ọ̀pọ̀ wa ń lò tẹ́lẹ̀, ó ti kógbá sílé ní oṣù karùn-ún 2025, àmọ́ àwọn mìíràn wà. Fi owó díẹ̀ sínú èyí tí o bá yàn, kí o sì pè wọ́n nígbà tí o ṣì wà nílé, kí wọ́n rí nọ́ńbà tó máa ń yọ lójú fóònù wọn. Ìyá mi ò gbé ìpè mi àkọ́kọ́, wọ́n ní àwọn ò mọ ẹni tó ń pè.

Lọ tún nọ́ńbà àwọn èèyàn rẹ kọ pẹ̀lú àmì + àti kóòdù orílẹ̀-èdè wọn. Nọ́ńbà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0 lásán lè má lọ láti ọ̀hún. Tẹ 0 mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, + á jáde.

Aláàtúnṣe_Fóònù
Àwọn kéékèèké tó kù. Tí WhatsApp bá rí síìmù tuntun, tó bi ọ́ bóyá kí ó pààrọ̀ nọ́ńbà, sọ pé rárá. Gba máàpù ìlú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láti ilé. GPS ò nílò dátà kó tó mọ ibi tí o dúró sí. Ṣájà olórí róbótó méjì tó tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń wọ ihò iná ní orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Páwà báǹkì, àpò ọwọ́ ni kó wà nínú ọkọ̀ òfúrufú, kì í ṣe inú ẹrù tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 20,000 mAh sí lára jẹ́ nǹkan bíi 74 Wh (ìwọ̀n iná tó lè gbà), kò sì ju 100 Wh tí wọ́n fàyè gbà lọ. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní gbogbo ibi tí o ń lọ ni 112.

Arìnnàkore
Mo ti ṣe é lánàá. Mo tẹ ##002#, ó dáhùn. Mo ti ra eSIM, Faransé, Swítsàlandì àti Tọ́kì wà nínú rẹ̀ ní dídárúkọ. Ìyá mi pè mí, ó dún lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gé e, mo pè wọ́n padà lórí áàpù. Wọ́n ní ohùn mi já geere. Mo ti pa Data Roaming síìmù ilé.

Baba_Arìnrìnàjò
O káre. Ó ku ẹyọ kan tí n kò sọ, èmi ni mo jẹ̀bi. Ṣé ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì rẹ ti ṣí roaming (àyè láti so mọ́ nẹ́tíwọ̀kì ilẹ̀ òkèèrè) fún síìmù yẹn láti ọ̀dọ̀ tiwọn? Ó yàtọ̀ sí ti Data Roaming tí o pa. Bí wọn ò bá ṣí i, síìmù ilé ò ní rí nẹ́tíwọ̀kì kankan so mọ́ lọ́hùn-ún, kóòdù báńkì ò ní wọlé, ìyá rẹ á sì máa gbọ́ pé o ti pa fóònù. Ó máa ń ṣòro láti ṣí i tí èèyàn bá ti débẹ̀.

Arìnnàkore
Háà, Bàbá! Mi ò mọ̀ pé ó wà rárá. Mò ń pè wọ́n báyìí.

Arìnnàkore
Wọ́n ti ṣí i. Wọ́n ní kò sí lórí síìmù mi tẹ́lẹ̀.