Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo la ṣe lè kọ́ àwọn ọmọ ìjọ láti máa jẹ́rìí Jésù?

OlùdaríMọ́níyà
Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o ẹ̀yin ará. Oṣù tó kọjá ni pásítọ̀ wa ní kí n máa darí ẹgbẹ́ ajíhìnrere ní ìjọ wa, níbí ní Mọ́níyà n'Íbàdàn. A ò pọ̀, bíi 60 ni wá, ìyá ọlọ́jà ló pọ̀ jù, télọ̀, ọlọ́kadà, àtàwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́. Èmi gan-an mi ò lọ Bible School, iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, mò ń fa wáyà sílé. Ìṣòro mi rèé: tá a bá ní ká jáde ní Sátidé, àwọn márùn-ún kan náà ló máa wá. Àwọn yòókù á ní iṣẹ́ pásítọ̀ nìyẹn, àwọn mí-ìn ní ojú ń ti àwọn, tàbí pé tẹ́nì kan bá bi àwọn ní ìbéèrè àwọn ò ní mọ èsì. Ìyá kan wá bá mi, ó ní òun ò mọ̀wé, ṣé òun náà lè jẹ́rìí? Ó dùn mí wọra, torí mo mọ̀ pé ìyá yẹn fẹ́ràn Jésù jù mí lọ. A ti pe ẹnì kan wá ṣe sẹ́mínà ọjọ́ mẹ́ta rí, a ra ìwé, a kọ nóòtì, wọ́n fún wa ní sàtífíkéètì, títí dòní mi ò rí ẹni tó tìtorí ẹ̀ jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ wo lẹ mọ̀ tó ṣiṣẹ́ níjọ tiyín? Kó má jẹ́ èyí tó máa ná wa lówó gọbọi o.

ÌyáÌbejì_Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ará wa, ẹ má jẹ́ kó rẹ̀ yín. Ìyá tí ò mọ̀wé yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Obìnrin ará Samáríà tó wà létí kànga nínú Jòhánù orí 4, ìwé wo ló kà? Ó gbé ládugbó ẹ̀ sílẹ̀, ó wọ ìlú lọ, ó ní ẹ wá wo ẹni tó sọ gbogbo ohun tí mo ti ṣe fún mi, ni ìlú bá tú jáde.

Níjọ tiwa a ò fi ìwé bẹ̀rẹ̀ rárá. Lẹ́yìn ìsìn a máa ń jókòó ní méjì-méjì, kálukú á sọ bó ṣe wà kó tó mọ Jésù, bó ṣe pàdé ẹ̀, àti bó ṣe wà báyìí, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Ọjọ́ àkọ́kọ́ le gan-an, torí ẹ̀rí owó àti físà àti ọmọ ló ti mọ́ wa lẹ́nu ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbà tí wọ́n ní ká sọ ohun tí Jésù ṣe nípa ẹ̀ṣẹ̀ wa, ẹnu kàn wúwo. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan bú sẹ́kún lọ́jọ́ yẹn, ó ní látìgbà tóun ti wà níjọ, kò sẹ́ni tó bi òun léèrè rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi ṣe ìyẹn nìkan ká tó jáde lọ síbì kankan.

Alàgbà_Abẹ́òkúta
Mo fara mọ́ ohun tí ìyá wa sọ. Èyí tí èmi fẹ́ fi kún un ni Evangelism Explosion, ètò kan tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ìjọ láti máa jẹ́rìí, EE la máa ń pè é. Pásítọ̀ kan ní Fort Lauderdale ní Florida l'Amẹ́ríkà, D. James Kennedy, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1962. Bó ṣe débẹ̀ ló wú mi lórí. Ó mọ ìwàásù orí pẹpẹ ṣe o, àmọ́ kó jókòó síwájú ẹnì kan ṣoṣo kó sọ ti Jésù fún un, ẹ̀rù ń bà á. Ó wá lọ wàásù ní Georgia, pásítọ̀ tó gbà á lálejò ń mú un dání kiri ilé àwọn èèyàn, ó ń wo bí ìyẹn ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Bí EE ṣe ń kọ́ni náà nìyẹn. Ẹnì kan tó ti mọ̀ ọ́n á mú méjì dání. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbígbọ́ àti gbígbàdúrà sínú niṣẹ́ àwọn méjì yẹn. Tó bá yá wọ́n á ní kí ọ̀kan sọ ẹ̀rí tiẹ̀, tó bá tún yá á ṣàlàyé díẹ̀ nínú ìhìnrere, títí á fi lè sọ gbogbo ẹ̀, òun náà á wá mú méjì tiẹ̀. Ẹ̀yin oníṣẹ́ iná ẹ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í fi sẹ́mínà ọjọ́ mẹ́ta mọ wáyà á fà. Ọmọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ di àkàbà mú, á máa na irinṣẹ́ sí ọ̀gá, á máa wò. Ohun tí sẹ́mínà yín ò ní nìyẹn, wọ́n fún yín ní nóòtì, wọn ò mú yín dání lọ síbì kankan.

Ìbéèrè méjì ni wọ́n fi ń ṣínà ọ̀rọ̀: tẹ́ ẹ bá kú lónìí, ṣé ó dá yín lójú pé ọ̀run lẹ̀ ń lọ? Tí Ọlọ́run bá sì bi yín pé kí ló dé tí màá fi jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé, kí lẹ máa sọ? Ìkejì yẹn dáa gan-an, torí ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹ̀ lẹni náà gbọ́kàn lé.

ỌmọIléṣà
Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra fún ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn o. Yorùbá ni wá. Èmi ni mo bi ìyá àgbà kan ládùúgbò wa níjọ́ kan, mi ò tíì sọ "tẹ́ ẹ bá kú lónìí" tán tí wọ́n fi ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, orí mi kọ̀ ọ́, wọ́n sì pa ilẹ̀kùn dé. Lójú tiwọn mo wá ṣépè fún wọn lówùúrọ̀ kùtù ni, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Ohun tá a wá ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ báyìí ni kí wọ́n kí èèyàn dáadáa, kí wọ́n ra nǹkan tí wọ́n bá lówó lọ́wọ́, kí wọ́n wá bèèrè pé kí lẹ fẹ́ ká bá yín gbàdúrà sí? Mi ò rí ẹni tó kọ̀ ọ́ rí, Mùsùlùmí o, oníṣẹ̀ṣe o. Ẹ gba àdúrà kúkúrú níbẹ̀, ẹ má pariwo, ẹ máa lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ẹ padà lọ bèèrè ibi tọ́rọ̀ náà dé. Nígbà tó bá máa fi di ìgbà kẹta, àwọn fúnra wọn á bi yín pé kí ló ń mú yín ṣe báyìí.

Èdè náà ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá ń kọ́ wọn, ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé ìhìnrere láìlo "àtúnbí", láìlo "ẹ̀jẹ̀ Ọ̀dọ́ Àgùntàn". Ẹni tí ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí, àgbò Iléyá ló máa wá sí i lọ́kàn. Ó gba àròjinlẹ̀ o, èmi pàápàá ń gbìyànjú ẹ̀ lọ́wọ́.

Sáwọn tó ń sọ pé iṣẹ́ pásítọ̀ ni, ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8 fún wọn. Nígbà tí inúnibíni dé, àwọn àpọ́sítélì ló kù sí Jerúsálẹ́mù, àwọn tó fọ́n ká kiri ló ń wàásù. Níbí n'Iléṣà náà, ní 1930 tí wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń gbàdúrà fáwọn èèyàn ní Òkè Ooye, àwọn tó wá láti ìlú mí-ìn ló gbé ìròyìn náà padà sílé.

Ará_Peckham
London ni mo wà. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, a ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn èèyàn kàn ń yà kọjá ni. Èyí tó ṣiṣẹ́ fún wa ni Alpha, ṣọ́ọ̀ṣì Holy Trinity Brompton níbí ní London ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1977. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni: a jọ jẹun, a gbọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀, a wá jókòó yíká, kálukú sọ tinú ẹ̀, kò séèwọ̀ ìbéèrè. Àwọn ọmọ ìjọ ló ń se oúnjẹ, àwọn ló ń darí àyíká ìjókòó, wọn ò sì ní jẹ́ kí pásítọ̀ gba ọ̀rọ̀ mọ́ àlejò lẹ́nu. Ohun tó ṣòroó kọ́ àwọn èèyàn wa jù ni kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí àlejò sọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Íbàdàn lè fi àkàrà àti ẹ̀kọ ṣe tiyín lábẹ́ igi, kò ní kó wọ́n.

TísàSọ́ńdè
Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Mùsùlùmí, torí kò sí ilé Yorùbá tí ò ní. Bàbá mi àgbà, Alhaji ni wọ́n. Kíláàsì ìjíhìnrere kan tí mo lọ nígbà kan, ibi tẹ́sìn oníkálukú ti bà jẹ́ ni wọ́n ń kọ́ wa, bá a ṣe máa fi bá wọn jà. Ó ba ọ̀rọ̀ jẹ́ láàárín èmi àti mọ̀lẹ́bí mi fún ọdún méjì. Ẹ má kọ́ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Ní 1872 tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther dé ààfin Ìlọrin, Ìwé Mímọ́ lédè Yorùbá ni wọ́n fi dáhùn ìbéèrè àwọn ará ibẹ̀, wọ́n kàn ṣí ibi tí èsì wà, wọ́n kà á, wọn ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ìjọ mọ ìyẹn kí wọ́n tó mọ ẹsẹ Bíbélì kankan.

OlùdaríMọ́níyà
Omi ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń ka èyí. Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè méjì ló kù: àwọn tí ò mọ̀wé ńkọ́, lẹ́yìn ẹ̀rí tiwọn, kí ni wọ́n máa sọ? Tí wọ́n bá wá bi èèyàn ní ohun tí ò mọ̀?

ÌyáÌbejì_Ògbómọ̀ṣọ́
Ìtàn ni, ará wa. Yorùbá mọ ìtàn á pa. A mú márùn-ún: ọmọ onínàákúnàá, Sákéù lórí igi, obìnrin tó fọwọ́ kan ìṣẹ́tí aṣọ Jésù, olè orí àgbélébùú, àti àárọ̀ ọjọ́ àjíǹde. A fi Bíbélì tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù kọ́ wọn, ọ̀fẹ́ ni, ó wà ní Yorùbá. A ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnì kan á tún un sọ, àwọn yòókù á ní o gbàgbé ibì kan, o fi kún ibì kan, títí á fi gún régé. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ń sọ ti ọmọ onínàákúnàá, gbogbo ẹni tó wà ní ìsọ̀ a máa dákẹ́.

Ní ti ìbéèrè, a kọ́ wọn láti sọ pé "mi ò mọ ìyẹn o, ẹ jẹ́ n lọ bèèrè, màá padà wá." Kí wọ́n sì padà lọ lóòótọ́. Àwọn èèyàn ń gba tẹni tó padà wá gbọ́ ju ti ẹni tó mọ gbogbo nǹkan.

Alàgbà_Abẹ́òkúta
Kí n tó gbàgbé, fóló-ọ̀pù! Mo ti wà níjọ kan rí tí wọ́n ń ka iye ọkàn tó gba Jésù, wọ́n á gbé bébà kà níwájú ìjọ, gbogbo ènìyàn á pàtẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó mọ ilé ìkankan nínú wọn. Ó ṣì ń dùn mí. Ẹ ra ìwé àjákọ kan, ẹ kọ orúkọ, ilé, àti ohun tẹ́ ẹ jọ gbàdúrà sí. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ni kó máa lọ bẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ẹlòmíì.

OlùdaríMọ́níyà
Toò. Lọ́jọ́ Ìsinmi yìí a máa bẹ̀rẹ̀ ìjókòó méjì-méjì yẹn. Èmi àti ìyá tí ò mọ̀wé la jọ máa jókòó, mo ti bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà màá mú wọn àti ọmọ iṣẹ́ mi kan dání lọ sọ́jà. Aago mélòó ló dáa láti débẹ̀?

ÌyáÌbejì_Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ má lọ láàárọ̀, wọ́n ń wá ẹni tó máa dá wọn lójà nígbà yẹn. Bí aago méjì sí mẹ́ta ọ̀sán, tí oòrùn ti le, tí oníbàárà ò pọ̀. Ẹ mú omi tútù díẹ̀ dání fún wọn.