Àbọ̀: bí a ṣe rọ kọnkéré sínú ihò bíríkì, a ti rí i ṣe

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo ti padà dé. Ìbéèrè mi ni pé ní ilé tí à ń kọ́ ní Kétu, tí a bá fi páànù bu kọnkéré sínú ihò bíríkì, ìdajì ń dà sílẹ̀, ìsàlẹ̀ ò sì kún.

Àrọ ló yanjú ẹ̀. Ajórin kan fi páànù ṣe é fún wa. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ wọ ihò géérégé. Àmọ́ ẹni tó ní ká dá ihò sí bíríkì ìsàlẹ̀ nínú yín ló gbà mí jù. Mo tanná wo inú rẹ̀: sìmẹ́ǹtì tó já bọ́ nígbà tí à ń to bíríkì ti le síbẹ̀, ó ki tó ìkúùkù! A gún un títí ó fi fọ́, a kó o jáde, a wá fi pákó dí ojú ihò náà.

Omi tí ẹ ní ká fi kún kọnkéré náà ṣe díẹ̀. Ó ń ṣàn dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá ti pọ̀ jù, òkúta wẹ́wẹ́ á rì, omi á léfòó. Ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà la ń rọ lẹ́ẹ̀kan, a ó sì fi ọ̀pá irin gún un. Bíríkì ń fa omi, nítorí náà a tún máa ń gún un lẹ́ẹ̀kejì kó tó le.

Ó ku igun ilé, níbi tí irin méjì inú ihò bíríkì ti fún ara wọn. Àrọ ò wọ ibẹ̀. Ife la ṣì fi ń bù ú. Ẹ ṣé gan-an.